Ìfófó Inú Jẹ́lì

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni jẹ́lì, kó má sọ ọ́ sétí Màmá. Lójú tiwọn, ẹni tó bá lè gbé jẹ́lì aláwọ̀ méje kalẹ̀ lórí tábìlì, kó dúró ṣinṣin, kó máa gbọ̀n rìrì bí ẹni tí otútù ń mú, kí àwọ̀ kan má sì ya wọ inú èkejì, onítọ̀hún lè ṣe ohunkóhun láyé yìí. Wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà tí àwọn ọmọ wọn méjèèjì ò tíì lè nu imú ara wọn. Ìgbéyàwó ni o, ọjọ́ ìbí ni o, ìparí ọdún ni o, bí èèyàn bá ti gbúròó àpèjẹ nílé Màmá, jẹ́lì ló máa kọ́kọ́ béèrè, kó tó rántí pé òun ò tíì jẹun.

Iṣẹ́ sùúrù gbáà ni. Wọn á yọ́ ìyẹ̀fun jẹ́lì aláwọ̀ kan sínú omi gbígbóná, wọn á dúró kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọn á wá dà á sínú abọ́ irin ńlá kan tó ní ihò láàárín, ó di inú fíríìjì. Tí àkọ́kọ́ bá dì, èkejì á gùn ún. Ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Tí èyí tó wà nísàlẹ̀ ò bá tíì dì, èyí tókè á rì wọ inú rẹ̀. Tó bá sì ti dì jù, àwọn méjèèjì ò ní bára wọn ṣọ̀rẹ́, ńṣe ni wọ́n máa yọ̀ kúrò lórí ara wọn níṣojú àlejò. Màmá kì í wo aago. Ẹ̀yìn ìka ni wọ́n fi ń kàn án, tó bá lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀, àsìkò ti tó nìyẹn.

Yẹ́lò ló máa ń gbẹ̀yìn, òun ni wọ́n máa ń gé ọ̀pẹ òyìnbó wẹ́wẹ́ sí. Wọn á kọ́kọ́ sè é ná. "Ọ̀pẹ òyìnbó tí ò bá tíì rí iná, ọ̀tá jẹ́lì ni," ni Màmá máa ń wí. "Á jẹ ẹ́ títí á fi di omi." Gbogbo ilé ló mọ ìyẹn sórí. Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò fi han ẹnikẹ́ni rí ni bí wọ́n ṣe ń kó ìfófó kúrò lójú jẹ́lì gbígbóná, tó fi máa ń mọ́ gaara bíi gíláàsì. Tó bá ti kù kí wọ́n kó o, wọn á lé gbogbo èèyàn jáde, wọn á ti ilẹ̀kùn. Ọmọ wọn obìnrin bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n kọ́ òun.

"Ìyẹn di ọjọ́ tí mo bá ń lọ," ni Màmá máa ń dá a lóhùn, wọn á bú sẹ́rìn-ín.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ obìnrin náà. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ torí pé ó tín-ínrín, àfi bí ẹni pé orúkọ náà ti mọ ohun tó ń bọ̀, ó dàgbà tán ó di aránṣọ. Òun àti Màmá ló jọ ń gbé, yàrá méjì, ilé ìdáná kan, àti pálọ̀ kan tí máṣíìnì àti aṣọ àwọn oníbàárà ti gbà mọ́ àlejò lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń gbé nílùú míì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Nọ́ọ̀sì nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe, àti àwọn ọmọ wọn.

Ọdún yẹn ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yíwọ́. Màmá gbé ìkòkò kaná, wọ́n lọ sùn, ìdí ìkòkò sì jó títí èéfín fi gba gbogbo ilé. Lọ́jọ́ míì wọ́n ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rà á láti ayébáyé, wọ́n jáde síta, wọn ò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ẹnìkan ló mú wọn wálé. Búrẹ́dì náà wà lábẹ́ abíyá wọn, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà bí ẹni pé ìrìn-àjò tó jìn ni wọ́n ti dé. Abẹ́rẹ́ fi àwọn kan pa mọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi pa mọ́, àwọn aládùúgbò ti pè é.

Ẹ̀gbọ́n ní kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Èèyàn burúkú kọ́ o, ká má purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga lọ́hùn-ún ni ilé tirẹ̀ wà, tọkọtaya ló ń lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ ń lọ síléèwé, kò sì ní ṣeé ṣe kó má tilẹ̀kùn mọ́ Màmá lójoojúmọ́, kí wọ́n má baà tún sọ nù. Nígbà tí Màmá gbọ́, wọn ò bá a jà. Abẹ́rẹ́ nìkan ni wọ́n sọ fún, níbi tí wọ́n ti ń bá a tú ìránṣọ kan.

"Ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́, kí ló fi yàtọ̀ sí ẹrù? Níbí ni mo fẹ́ wà. Níbí, bí mi ò bá tiẹ̀ mọ ibi tí mo wà, ibi tí mo wà mọ̀ mí."

Abẹ́rẹ́ tẹrí ba mọ́ aṣọ náà. Ó ń fa òwú lásán.

Níkẹyìn ni Ẹ̀gbọ́n wá gbé àbá kan kalẹ̀ lórí fóònù. Ó ní òun ń kó ẹbí òun bọ̀ fún àpèjẹ ìparí ọdún. Tí Màmá bá lè ṣe jẹ́lì aláwọ̀ méje náà fúnra wọn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá wọn dá sí i, a jẹ́ pé orí wọn ṣì pé, òun ò ní sọ̀rọ̀ ìkẹ́rù wá sọ́dọ̀ òun mọ́. Tí wọn ò bá lè ṣe é, wọn á jọ wọ mọ́tò lọ.

Irú ìdánwò wo nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́? Àwa mélòó lorí wa pé tá a lè to àwọ̀ méje léra? Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀, omi tíì lásán lè jó mọ́ ọn nídìí ìkòkò. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá gbọ́, ẹ̀rín ni wọ́n rín. "Jẹ́lì kẹ̀? Kí ló dé tí ò kúkú ní kí n mí?" Inú Abẹ́rẹ́ dùn. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Nígbà tó ku ọ̀la tí àlejò máa dé, Màmá so aṣọ ìdáná mọ́dìí, wọ́n lé Abẹ́rẹ́ sídìí máṣíìnì rẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń ránṣọ ni o, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ wà ní ilé ìdáná. Ó gbọ́ ìró ṣíbí nínú ìkòkò. Ó gbọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn láti kó ìfófó. Ó gbọ́ tí fíríìjì ń ṣí, tó ń padé, tí Màmá ń kùn orin lábẹ́ imú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọn á pè é kó wá wò ó: pupa, funfun tí wọ́n fi mílíìkì ṣe, gíríìnì, gbogbo rẹ̀ dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ìlà aṣọ tí wọ́n fi rúlà fà. Kò sí àwọ̀ tó ṣìnà.

Nígbà tó ku yẹ́lò, oníbàárà kan wọlé wá dán aṣọ rẹ̀ wò. Aṣọ náà há a níkùn, ó ní Abẹ́rẹ́ ló wọ̀n ọ́n kù, Abẹ́rẹ́ náà ò sì lè sọ fún un pé ikùn ló yọ. Wọ́n wà lórí ẹ̀ títí. Ìgbà tí obìnrin náà fi máa lọ, Màmá ti parí. Wọ́n ti so àjákù aṣọ mọ́ ọwọ́ fíríìjì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, tó túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣí i títí àpèjẹ. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n jó díẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ," ni wọ́n wí, "kó má palẹ̀ yàrá kankan mọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá sọ̀ kalẹ̀ lọ dirun lọ́dọ̀ onídìrí ìsàlẹ̀ ilé. Abẹ́rẹ́ ń gbálẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sára àjákù aṣọ yẹn. Kò sí ohun tó ń fura sí. Ó kàn fẹ́ fi ojú jẹ ẹ́ díẹ̀ ni. Ó tú u, ó ṣí fíríìjì.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ohun tó wà nínú abọ́ náà kì í ṣe jẹ́lì mọ́. Yẹ́lò ti di omi, ó ti jẹ wọ inú èyí tó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà sì ti wọ inú òmíràn, gbogbo rẹ̀ ti pò pọ̀ di omi kan tí ò láwọ̀ gidi, bí omi tí èèyàn ṣan aṣọ sí. Ìwọ̀nba tó kù nísàlẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ̀. Àwọn ègé ọ̀pẹ òyìnbó léfòó lórí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ fi ìka mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́. Ó le kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lẹ́nu. Iná ò dé ibẹ̀ rí.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ilé ìdáná, ilẹ̀kùn fíríìjì ṣì wà ní ṣíṣí. Màmá, tó kọ́ gbogbo ilé pé kí wọ́n sè é! Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkẹ́rù ló kọ́kọ́ bà á lẹ́rù. Ojú Màmá ló rí, bó ṣe máa rí nígbà tí wọ́n bá wo inú abọ́ náà. Ó bú sẹ́kún. Àmọ́ bá a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì rí i pé pàkẹ́ẹ̀tì jẹ́lì tó ṣẹ́kù pọ̀, torí Màmá ò mọ bí wọ́n ṣe ń ra nǹkan níwọ̀n. Ó nu ojú. Ó da ti Màmá sínú ìkòkò kan, ó ní òun máa dà á nù. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbé e. Ó dé e, ó sì gbé e lọ sábẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Ó fọ abọ́ irin, ó gbé omi kaná.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, jẹ́lì náà ò sì fẹ́ ìkánjú, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún ẹni tí ilé ń jó? Fírísà ló ń kó o sí kó lè tètè dì. Ńṣe ló ń fi ṣíbí lu omi jẹ́lì kó lè tètè yọ́, ìfófó sì ń yọ lórí rẹ̀. Ó fi ṣíbí kó o, òmíràn tún yọ. Kò mọ bí Màmá ṣe ń ṣe é. Ó dà á bẹ́ẹ̀.

Màmá wọlé nígbà tó wà lórí àwọ̀ kẹta. Irun wọn ń dán, inú wọn ń dùn.

"Kí lò ń sè?"

"Sítáàṣì ni, Màmá. Ti aṣọ."

"Sítáàṣì." Wọ́n fa imú. "Sítáàṣì wá ń ta sánsán bíi ti jẹ́lì báyìí? Ayé ti dára." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ dùbúlẹ̀. Abẹ́rẹ́ padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Kò parọ́ fún wọn rí látìgbà tó ti dàgbà, ó sì yà á lẹ́nu pé kò ṣòro rárá.

Ọ̀pẹ òyìnbó tirẹ̀, ó sè é, ó tún un sè. Nígbà tí àlejò fi máa kan ilẹ̀kùn, abọ́ náà ti wà nínú fíríìjì, àjákù aṣọ sì ti padà sí ọwọ́ rẹ̀, kódà kókó rẹ̀ rí bí Màmá ṣe ń so ó.

Ilé kún. Àwọn ọmọ ń sá káàkiri lábẹ́ àwọn aṣọ oníbàárà. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, Màmá sọ ìtàn àtijọ́, wọn ò ṣi orúkọ ẹnikẹ́ni pè. Gbogbo ìgbà ni Ẹ̀gbọ́n ń wò wọ́n lábẹ́ ojú, ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ariwo: "Jẹ́lì! Jẹ́lì!"

Abẹ́rẹ́ tètè dìde. "Ẹ jókòó, Màmá, màá bá yín gbé e." Ó fi omi gbígbóná pa abọ́ lára, ó da àwo bò ó, ó yí i, ó ṣí i. Jẹ́lì jókòó gẹlẹtẹ. Pupa ló wà lókè pátápátá, yẹ́lò wà nísàlẹ̀, àwọ̀ méjèèje pé, ó ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ iná. Àwọn ọmọ hó yèè. Ojú Ẹ̀gbọ́n kún fún omi.

"Màmá, ẹ ti yege," ló wí. "Lójú gbogbo wa, ẹ ti yege. Mi ò ní sọ̀rọ̀ ká lọ mọ́."

Abẹ́rẹ́ mí kanlẹ̀. Ó ti bọ́.

Màmá yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n tún un gbé sójú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo jẹ́lì náà.

"Ta ló ṣe èyí?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé Màmá ń ṣàwàdà ni.

"Mo ní ta ló ṣe é? Ọwọ́ mi kọ́."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà wò ó. Abẹ́rẹ́ rí wọn. Nọ́ọ̀sì rọra di ọwọ́ Màmá mú, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ tó fi ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ wí fún wọn pé, "Ẹ̀yin lẹ ṣe é, Màmá. Àná lẹ ṣe é. Ẹ ti gbàgbé ni, kò sí wàhálà."

"Mi ò gbàgbé! Ẹ wo inú pupa yìí, ẹ wò ó dáadáa. Ìfófó ni gbogbo rẹ̀. Èmi, kí n fi ìfófó sílẹ̀ nínú jẹ́lì?"

"Kò burú, Màmá. Ẹ jókòó ná."

Màmá ò jókòó. Wọ́n wo ojú gbogbo èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ojú kan tó gbà wọ́n gbọ́. Wọ́n wá yíjú sí Abẹ́rẹ́, ìbínú ti lọ kúrò lójú wọn. Wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà.

"Abẹ́rẹ́. Ṣé èmi ni mo ṣe é?"

Bẹ́ẹ̀ ni, kí Abẹ́rẹ́ kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n nífẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ti ṣe tán láti pè é ní ìgbàgbé kékeré. Jẹ́lì ṣáà wà lórí tábìlì. Bóyá á ṣì jẹ́ kí wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n Màmá ló tọ̀nà. Nínú gbogbo ilé yẹn, àwọn nìkan lojú wọn ríran, tí Abẹ́rẹ́ bá sì sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn á gbà á gbọ́. Ohun tó bà á lẹ́rù nìyẹn. Wọn á gbà á gbọ́, láti ọjọ́ náà lọ wọn ò sì ní gba ojú ara wọn gbọ́ mọ́. Òun ló máa ti jí ìyókù làákàyè wọn gbé.

"Ẹ̀yin kọ́, Màmá," ló wí. "Èmi ni."

Màmá mí. Fún ìṣẹ́jú kan, ayọ̀ pátápátá ló wà lójú wọn. "Ṣẹ́ ẹ gbọ́?" Wọ́n nàka sí Nọ́ọ̀sì. "Ṣẹ́ ẹ ti gbọ́ báyìí?" Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé wọn. Ọwọ́ tí wọ́n nà sọ̀ kalẹ̀. "Tèmi ńkọ́?"

Abẹ́rẹ́ lọ wọ́ ìkòkò náà jáde lábẹ́ tábìlì, ó gbé e kalẹ̀ níwájú Màmá. Wọ́n ṣí i. Wọ́n ti ṣíbí bọ̀ ọ́, wọ́n bu ègé ọ̀pẹ òyìnbó kan, wọ́n fi sẹ́nu. Gbogbo pálọ̀ ló gbọ́ bó ṣe ń ró lábẹ́ eyín wọn.

"Mi ò sè é," ni Màmá wí.

"Màmá, ìyẹn ò já mọ́ nǹkankan," ni Ẹ̀gbọ́n wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ta ni kì í gbàgbé nǹkan? Èmi gan-an..."

"Má parọ́ fún mi. Ẹnìkan ti parọ́ fún mi lónìí, ó tó." Wọ́n dé ìkòkò náà. "Yàrá tí ẹ palẹ̀ rẹ̀ mọ́ dè mí yẹn, ṣé ó ní fèrèsé?"

"Ó ní, Màmá."

"Èyí tó ṣeé ṣí?"

Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ nu ojú. "Màá jẹ́ kó ṣeé ṣí," ló wí.

Màmá mú ọ̀bẹ, wọ́n gé jẹ́lì náà fún àwọn ọmọ, wọ́n ní kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àǹtí wọn, òun ló ṣe é.

Abẹ́rẹ́ ti sá wọ ilé ìdáná, ó ń sunkún sí ara àjákù aṣọ tó wà lọ́wọ́ fíríìjì. Kò gbọ́ ìgbà tí Màmá wọlé. Wọ́n gbé abọ́ irin lọ́wọ́, wọ́n ti fọ̀ ọ́.

"Pàkẹ́ẹ̀tì ṣì kù?"

"Ó ku ọ̀kan. Pupa."

"Gbé omi kaná."

"Màmá, àlejò wà nílé. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ dọ̀la."

Màmá so aṣọ ìdáná mọ́dìí, wọ́n wá ti ilẹ̀kùn, bí wọ́n ṣe máa ń tì í. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, Abẹ́rẹ́ wà nínú ilé pẹ̀lú wọn.

"Ṣebí mo ti sọ fún ẹ," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ tí mo bá ń lọ ni."

Abẹ́rẹ́ ṣáná sí gáàsì, ó sì gbé omi kà á.